Nígbà Tí Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì Jẹ́ Àlejò ní Ìjẹ̀gùn

Ìpinnu tí Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-Èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ṣe níbi ìpàdé wọn ní Àkúrẹ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, tí Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, sì kéde rẹ̀ ní Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù náà, fòpin sí ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba àpapọ̀ wá ní kí olùkọ́ máa fi kọ́ni báyìí, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, ìdí tí mínísítà náà sì fi lélẹ̀ ni pé ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù, ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Fún àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé-ìwé ìjọba ní Ìjẹ̀gùn àti agbègbè rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1985 sí 1995, ìkéde yìí jí ìrántí kan dìde tí kò ṣe é tì sẹ́yìn ìhà kankan nínú àríyànjiyàn náà, nítorí pé nínú kíláàsì ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ sára pátákó, Yorùbá ni wọ́n fi ń gbé e dúró, òfin ilé-ìwé sì sọ pé Yorùbá kò sí níbẹ̀.

Ìjẹ̀gùn jẹ́ ìlú àwọn Àwórì, kò jìnnà sí Ìkòtún, ó sì wà lábẹ́ Ìgàndó-Ìkòtún, ọ̀kan lára àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí Ìpínlẹ̀ Èkó gé jáde lára Alímọ̀ṣọ́ ní ọdún 2003. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í ṣe ará ibẹ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí di ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí katakata àwọn tó ń ṣe ọ̀nà gé ọ̀pá epo tó gba abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà kọjá, tí iná sì ṣẹ́ yọ, tó jó ilé àti ọkọ̀, tó dé ọgbà ilé-ìwé, tó sì pa nǹkan bí 100 ènìyàn gẹ́gẹ́ bí Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti ṣírò rẹ̀. Àmọ́ ìlú náà ti wà tipẹ́ kí àwọn oníròyìn tó dárúkọ rẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ìrántí yìí dá lé, oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà láàrin ilé sí ilé, omi kànga ni wọ́n ń fà, àwọn tí owó ilé ti lé kúrò ní àárín Èkó sì ń wá ra ilẹ̀ níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ará Ìbàdàn, ará Ìjẹ̀bú, Ìgbò àti Ègùn ń gbé lójúlé kan náà pẹ̀lú àwọn Àwórì onílẹ̀. Èdè tí gbogbo wọn fi ń dúnàádúrà, tí wọ́n fi ń jà, tí wọ́n sì fi ń parí ìjà, Yorùbá ni. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ àlejò tí ilé-ìwé nìkan gbà sílé. Kò sí lójú kànga, kò sí ní ìsọ̀ aláta, bó bá sì wọ inú ilé, orí rédíò ló ń gbà wọlé, tí kò sí ẹni tó ń dá a lóhùn.

Àwọn kíláàsì náà jẹ́ irú èyí tí ìjọba Lateef Jákáńdè kọ́ káàkiri Èkó láàrin ọdún 1979 sí 1983, nígbà tó pinnu láti fòpin sí ètò àárọ̀-àti-ọ̀sán, èyíinì ni ètò tí ọmọ kan fi ń lọ sílé-ìwé ní àárọ̀ tí òmíràn ń gba àga rẹ̀ ní ọ̀sán nítorí pé yàrá kò tó. Ilé náà gùn gbọọrọ, ó rẹlẹ̀, ògiri rẹ̀ kò ga ju àyà àgbàlagbà lọ kí atẹ́gùn tó gba ìyókù, àwọn alátakò gómìnà náà sì ń pè é ní ilé adìyẹ. Ẹ̀gàn yìí ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá rí ilé adìyẹ náà wọ̀, abẹ́ igi ni ìbá ti máa kàwé tàbí kó dúró sílé di ọ̀sán. Ohun tó kan ẹ̀kọ́ gbólóhùn níbẹ̀ ni pé kò sí ògiri gidi láàrin kíláàsì kan àti èkejì. Pátákó ìkọ̀wé ni wọ́n fi dí i, ohùn sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí pírámárì kejì bá ń ké gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, pírámárì kẹta á máa ké táìmù tébù, pírámárì kìn-ín-ní á máa ka Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, olùkọ́ tó bá sì fẹ́ kí ọmọ gbọ́ tirẹ̀ kò ní ọgbọ́n mìíràn ju pé kí kíláàsì òun pariwo ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn onímọ̀ ti kọ ìwé púpọ̀ lórí ìdí tí ìkọ́ni ilẹ̀ Adúláwọ̀ fi kún fún igbe àjùmọ̀ké, àmọ́ ó dà bí ẹni pé wọn kì í sábà wo bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà.

Olùkọ́ náà sábà máa ń jẹ́ obìnrin tó ní ìwé-ẹ̀rí Grade Two, èyíinì ni ìwé-ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kí NCE tó di ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọdé. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni ó wọṣẹ́ lásìkò tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní UPE, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì. Ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lè ju 50 lọ, àwọn tó sì ní ìwé kíkà Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nínú wọn kò pọ̀, nítorí náà, ohun tó bá kọ sára pátákó àti ohun tó bá fi ẹnu sọ ni ìwé wọn.

Ẹ̀kọ́ gbólóhùn bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú rí. Olùkọ́ á mú ṣíbí, ìgò, ọṣẹ àti kọ́kọ́rọ́ jáde láti inú báàgì rẹ̀, á gbé ọ̀kan sókè, á sì wí pé “This is a spoon”, gbogbo kíláàsì á gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, “Dísì ìsì à sípúùnù”. Lẹ́yìn náà, yóò na ọwọ́ sí igi fùrúùtù tó wà láàrin ọgbà, yóò ní “That is a tree”, “Dátì ìsì à tíríì” á sì ròkè lálá. Ohun méjì ló fara pamọ́ sínú gbólóhùn kékeré wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni pé Yorùbá máa ń dárúkọ ohun náà kó tó tọ́ka sí i, “ṣíbí nìyí”, “igi nìyẹn”, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́ka kó tó dárúkọ. Èkejì ni ọ̀rọ̀ bíńtín “a” náà, tí kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú èdè tí ọmọ náà gbé wá láti ilé, tó sì jẹ́ pé bí kíláàsì bá ti dákẹ́ igbe, tí wọ́n ní kí ọmọ kan dá sọ ọ́, òun ló máa kọ́kọ́ já bọ́. Igbe àjùmọ̀ké tún ní àléébù tirẹ̀ tí olùkọ́ kì í rí láti iwájú. Ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì jìnnà sí ọmọ tó wà ní bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, síbẹ̀ “this” ni àwọn méjèèjì ń pè é. Nígbà tí ẹ̀kọ́ wá dé “This is my book”, ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú kíláàsì, ọwọ́ olùkọ́ ló wà, gbogbo ọmọ sì ń kéde tìyìn-tìyìn pé tàwọn ni.

Àmọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá kúrò lórí ohun èlò tó dé orí ìṣe, kíláàsì a máa jí. Olùkọ́ á pe ọmọ kan jáde, á ní kó lọ sí ẹnu ọ̀nà kó sì máa sọ ohun tó ń ṣe bó ṣe ń ṣe é: “I am going to the door. I am opening the door. I am closing the door.” Ọ̀nà ìkọ́ni yìí ní orírun nílẹ̀ Faransé, níbi tí François Gouin ti dá a lábàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé kí ẹni tó ń kọ́ èdè tuntun máa fi ẹnu to ìṣe rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ; kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn rí, kò sì dájú pé ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí níbẹ̀ wà, torí pé ọ̀pọ̀ kíláàsì náà kò ní ilẹ̀kùn, àlàfo ẹnu ọ̀nà ni ọmọ ń fọwọ́ ṣí. Bí ọmọ náà ti ń rìn, olùkọ́ á kọjú sí kíláàsì, á bi wọ́n pé “What is he doing?”, wọn á sì dáhùn pé “He is going to the door.” Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin ló jáde, ìdáhùn gbọ́dọ̀ yí padà sí “she”, ibí yìí sì ni ahọ́n ti ń kọsẹ̀, nítorí pé “ó” kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti ìkòkò. Àwọn olùkọ́ kan á to ọmọkùnrin sí apá kan, ọmọbìnrin sí apá kejì, wọn á máa pe ọ̀kan láti ìhà yìí, ọ̀kan láti ìhà ọ̀hún, títí ojú yóò fi mọ ohun tí etí kò tíì mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ibi tí àgbà bá ti wọ inú gbólóhùn. Ẹni tó bá wà nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ yóò rántí ọjọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin, gba iwájú kọjá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, tí olùkọ́, tó rò pé àpẹẹrẹ ti wá bá òun lọ́fẹ̀ẹ́, sì bi kíláàsì pé “What is the headmistress doing?” “They are going to the office” ni ìdáhùn tó jáde. Olùkọ́ tún un ṣe, ó ní “She is going”, ó ní kí wọ́n wí tẹ̀ lé òun, kíláàsì tó ti ń pariwo láti àárọ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ọmọ tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà, ojú ló ń tì wọ́n láti lò ó. Nínú ilé tí oníkálukú wọn ti wá, ẹni tó bá pe ìyá àgbà ní “ó” dípò “wọ́n” ti ra ìgbátí. Báwo ni wọ́n ṣe máa fi ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń pe àbúrò wọn pe ọ̀gá ilé-ìwé, níṣojú rẹ̀? Olùkọ́ náà wo ẹ̀yìn kó má lọ jẹ́ pé ọ̀gá ń gbọ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá: “Àwọn òyìnbó kì í pe ẹnì kan ní ‘wọ́n’. Bí ẹ bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pè wọ́n ní ‘she’, wọn ò ní bínú.” Òun fúnra rẹ̀, nínú àlàyé náà, kò lè pe ọ̀gá rẹ̀ ní “ó”. Àwọn ọmọ kan gbà, àwọn kan sì rí ọ̀nà àbáyọ tí kò sí nínú ìwé kankan: jálẹ̀ sáà náà, bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò lo arọ́pò orúkọ, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tó ń dúró fún orúkọ, orúkọ oyè gan-an ni wọ́n ń pè léraléra, “Headmistress is coming, headmistress is sitting down.”

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ nínú kíláàsì yẹn, èyí ló jọ pé ó wọlé jù, nítorí pé níbẹ̀ ni ọmọ ọdún méje ti rí i pé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe gbólóhùn Yorùbá tí wọ́n pààrọ̀ aṣọ fún. Èdè kejì náà ń fojú tirẹ̀ wo ènìyàn. Kì bá sì ti rí i bí olùkọ́ kò bá rú òfin ilé-ìwé fún ìṣẹ́jú kan. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nídìí ìbéèrè tó ní àyísódì nínú. Bí olùkọ́ bá bi ọmọ pé “You did not bring your book?”, ọmọ á ní “Yes, ma”, nítorí pé ní Yorùbá, “bẹ́ẹ̀ ni” túmọ̀ sí pé òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ, n kò mú un wá. Olùkọ́ tó bá wà nínú Gẹ̀ẹ́sì á ní kó gbé ìwé náà wá, ọmọ á dúró bí òpó, a sì jẹgba fún irọ́ tí kò pa.

Ìgbà tó bá di pírámárì kẹta ni tábìlì gbólóhùn ń dé. Olùkọ́ á fi rúlà onígi fa ìlà sójú pátákó, á pín in sí òpó mẹ́ta. Òpó kìn-ín-ní ni ti olùwà, èyíinì ni ẹni tàbí ohun tó ṣe nǹkan; èkejì ni ti ọ̀rọ̀-ìṣe, tó ń sọ ohun tó ṣe; ẹ̀kẹta ni ti àbọ̀, ohun tí ìṣe náà bà lé. Ohun tó ń jáde láti inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni gbólóhùn abọ́dé, gbólóhùn tí kò ní ju ọ̀rọ̀-ìṣe kan lọ. Harold Palmer àti A. S. Hornby, àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó kọ́ni fún ọdún púpọ̀ nílẹ̀ Japan, ló sọ irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀ di ohun tí ayé mọ̀, F. G. French sì fi odindi ìwé kan ṣe irú tábìlì náà ní ọdún 1960. Láti ọ̀dọ̀ wọn ló ti dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tó sì ti ibẹ̀ dé Ìjẹ̀gùn pẹ̀lú ìrẹsì àti ewúrẹ́ nínú. “The boy”, “the goat” àti “the teacher” wà ní òpó àkọ́kọ́, “eats”, “drinks” àti “opens” ní èkejì, “rice”, “water” àti “the door” ní ẹ̀kẹta. Olùkọ́ á fún ọmọ ní ọ̀pá, á ní kó máa fi mú ọ̀kan láti inú òpó kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ á kà á bó ṣe tọ́, “The boy eats rice”, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí aláìgbọràn kan yóò fi jáde, tí yóò fi ọ̀pá lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí yóò sì ka “The teacher eats the door.”

Ẹ̀rín tó máa ń sọ níbẹ̀ ṣe pàtàkì ju igbe gbogbo ọ̀sẹ̀ lọ. Ẹni tó rẹ́rìn-ín ti lóye, ẹni tó ń wo ojú ẹlòmíràn kó tó rẹ́rìn-ín kò tíì lóye, olùkọ́ tó bá sì lójú yóò mọ àwọn méjèèjì láìṣe ìdánwò. Tábìlì náà rọrùn fún ọmọ Yorùbá ní ọ̀nà kan, nítorí pé bí olùwà, ìṣe àti àbọ̀ ṣe tẹ̀ léra ní Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú “ọmọkùnrin náà jẹ ìrẹsì”. Ohun tó ń fa wàhálà ni “s” tó lẹ̀ mọ́ ìdí “eats”, tó ń wá nígbà tí olùwà bá jẹ́ ẹnì kan tí kò sì sí níbẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ méjì, tí kò sì sí ẹni tó lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀. “Bó ṣe rí nìyẹn” ni olùkọ́ ń sọ. Òótọ́ sì ni.

Bí ìrántí náà bá dúró síbí, yóò dà bí ẹni pé ohun gbogbo dára. Sára ògiri ọ́fíìsì àti ti ọ̀pọ̀ kíláàsì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò sọ fànákúlà, bí wọ́n ṣe ń pe èdè abínibí, mọ́nítọ̀ kíláàsì sì ní ìwé tó ń kọ orúkọ ẹni tó bá rú òfin náà sí, pàṣán àtẹ́lẹwọ́ tàbí owó ìtanràn a sì tẹ̀ lé e ní ìparí ọjọ́. Òfin yìí kò ti Ìjẹ̀gùn wá, kò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1985. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1882, tó kan Èkó, ti fi Gẹ̀ẹ́sì síwájú láìka èdè ìbílẹ̀ sí, àwọn míṣọ́nnárì àti ọmọ Èkó sì ta kò ó nígbà náà lọ́hùn-ún. Ohun tí òfin náà ń ṣe fún ọmọdé ni pé ó ń sọ ọ́ di ẹni tí kò ní ohùn kankan láàrin aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀, “Please ma, may I go out”, odindi ni wọ́n ń há a sórí bí ẹni há ọfọ̀, láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá gbàgbé àárín rẹ̀, tí kò sì gbọdọ̀ sọ Yorùbá, á jókòó, á máa gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, bẹ́ńṣì á sì tutù. Àwọn tó rí i rẹ́rìn-ín nígbà náà. Díẹ̀ nínú wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́ bí wọ́n bá rántí.

Ìyà náà kò sì pín dọ́gba. Ọmọ Ìgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá òbí rẹ̀ kó wá, tàbí ọmọ Ègùn tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára pátákó, kò sì gbọ́ Yorùbá tí olùkọ́ fi ń ṣàlàyé rẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, nítorí náà, àlejò méjì ló ń bá jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Láàrin sáà méjì, títì á ti kọ́ ọ ní Yorùbá, á sì di ẹni tí wọ́n ń kọ orúkọ tirẹ̀ náà sínú ìwé fànákúlà.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí mọ́nítọ̀ ń kọ orúkọ yìí, ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ ní ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen’s “A” ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tó dá dúró, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì dunjú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Kókó tí àwọn tó ń jiyàn lónìí sábà máa ń fò ni pé olùkọ́ tó mọṣẹ́ ló wà nídìí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà, tí ó ń kọ́ ọ bí ohun àjèjì tó yẹ kí ọmọ tú palẹ̀ kó sì tún tò. Èyí ni obìnrin oníwèé-ẹ̀rí Grade Two náà ń fi òye tirẹ̀ ṣe ní Ìjẹ̀gùn, láìsí owó, láìsí ìwé, àti lábẹ́ òfin tó ka àlàyé rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ìjẹ̀gùn ti di ìgboro. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, iye tó ju ti ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí lọ ní Èkó, ilé-ìwé aládàáni sì ń bẹ ní òpópónà dé òpópónà, nínú ilé alájà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ fún gbígbé. Nígbà tí ìjọba Èkó ka irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ náà ní 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000. Àǹtí ni wọ́n ń pe olùkọ́ níbẹ̀. Ìró lẹ́tà ni ọmọ ọdún mẹ́ta ń kọ́, nípa ìlànà Jolly Phonics tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, kì í ṣe orúkọ lẹ́tà bíi ti àtijọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kàwé ní ọjọ́ orí tí àwọn ti 1985 ṣì ń ké “Dísì ìsì”. Ní ilé-ìwé ìjọba, lábẹ́ ètò EkoEXCEL tí ìjọba Babájídé Sanwó-Olú gbé kalẹ̀, olùkọ́ ń mú tábúlẹ́ẹ̀tì dání tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà nínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Pàṣán ti dínkù. Ọmọ ń nawọ́ sókè, ó ń béèrè, ó ń jiyàn pẹ̀lú olùkọ́, kò sì sí ẹni tó yẹ kó sọ pé èyí kò dára ju ti àtijọ́ lọ.

Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti di onílé. Ìyá ń bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ ní ibi ìdáná, ọmọ ń gbọ́ ọ nínú fọ́nrán àwòrán lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, nígbà tí yóò bá sì fi dé pírámárì kejì, olùkọ́ gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n, kò sì sí ìdí láti fa òpó mẹ́ta sójú pátákó fún un. Gbólóhùn tí ọmọ náà gbé wá láti ilé yìí, Yorùbá ló wà ní abẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ pé “I’m coming” nígbà tó ń jáde lọ, nítorí pé “mò ń bọ̀” ni ìyá rẹ̀ ní lọ́kàn. Ẹni tó ń jẹ́ Àǹtí kò rí ohun tó yẹ kó tún ṣe níbẹ̀, torí òun náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èyí kò sì burú rárá ní ọjà Ìkòtún, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń gbọ́ ara wọn yé. Inú ìdánwò ló ti ń gba máàkì lọ́wọ́ ẹni. Ọmọ ìgbà àtijọ́ mọ̀ pé èdè méjì ló wà, ó sì mọ ibi tí ọ̀kan ti yapa kúrò lára èkejì, ó sanwó ìmọ̀ náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọmọ ìsinsìnyí kò ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí yóò fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wé, nítorí pé Yorùbá tirẹ̀ ti rẹ̀yìn, láìka òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 sí pé kí gbogbo ilé-ìwé máa kọ́ èdè Yorùbá. Ìlànà 2025 gbà pé Yorùbá ló ń dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà. Ní Ìjẹ̀gùn ìgbà náà, Yorùbá náà ni gíláàsì tí wọ́n fi ń rí i.

Ohun tí wọ́n kò kọ́ ní pírámárì kejì ti wá di iṣẹ́ àwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì, tí wọ́n ń kó ọmọ jọ ní ìrọ̀lẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí. Ìwé Brighter Grammar, tí C. E. Eckersley àti Margaret Macaulay kọ, tí Phebean Ògúndípẹ̀ sì tún ṣe fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, ṣì ń tà, àwọn tó sì ń lò ó níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá àti méjìlá tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geere, tí wọn kò sì mọ èwo ni olùwà nínú ohun tí wọ́n sọ. Olùkọ́ lẹ́sìnnì á fa òpó mẹ́ta sínú ìwé wọn, á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ṣe nǹkan. Nígbà tó bá dé orí “s” tó wà ní ìdí “eats”, wọn á béèrè ìdí rẹ̀, wọn kò sì ní gba “bó ṣe rí nìyẹn” fún ìdáhùn.